Èèpo, Eérú àti Òróró Àlòkù: Ohun Tí Pàǹtírí Ilé Lè Ṣe Nínú Títì

Ní ọdún 2024, ìròyìn kan tọ̀ wá wá láti Gisborne, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Victoria, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ da kọnkéré sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan, wọ́n sì po gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí mọ́ ọn. Kì í ṣe kọfí tí à ń mu ni mo wí, bí kò ṣe gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ tí ó máa ń kù sílẹ̀ nígbà tí a bá ti sẹ́ omi rẹ̀ tán, èyí tí tilé tilé oúnjẹ máa ń dà nù. Nígbà tí ìròyìn náà dé ọ́fíìsì wa, ẹ̀rín ni àwọn kan kọ́kọ́ fi gbà á. Ẹnì kan tilẹ̀ béèrè bóyá àwọn tí ó bá ń gba ọ̀nà náà kọjá yóò tún rí oorun sùn lóru.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí a lè jókòó tì. Ẹrù méjì ni ó wà lórí orílẹ̀-èdè wa tí a kò tíì rí ibi sọ̀ wọ́n sí. Èkínní ni ọ̀nà. Iye tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé gbogbo ọ̀nà ọkọ̀ tí ó wà ní Nàìjíríà gùn tó nǹkan bí 195,000 kìlómítà, àti pé nǹkan bí 60,000 péré nínú rẹ̀ ni a da ọ̀dà sí. Ìyókù jẹ́ ilẹ̀ lásán: eruku ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ ní òjò. Èkejì ni pàǹtírí. LAWMA, àjọ tí ń kó pàǹtírí ní Èkó, ti sọ pé nǹkan bí 13,000 tọ́ọ̀nù ni ìlú náà ń dà nù lójoojúmọ́. Apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ ohun tí ń jẹrà, bí èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé tí a fi pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ajẹkù oúnjẹ. Nínú òkìtì ńlá níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ohun tí ó bá ń jẹrà a máa bí afẹ́fẹ́ mìíràn tí ń gbiná bí gáàsì ìdáná. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná sọ ní ààtàn Olúṣòsùn ní Ọjọ́ta, èéfín rẹ̀ sì lé àwọn ará àdúgbò sínú ilé, wọ́n ti fèrèsé mọ́rí.

Ǹjẹ́ ẹrù kan lè ran èkejì lọ́wọ́? Ǹjẹ́ ohun tí ó ń bà wá nínú jẹ́ ní ààtàn lè di ohun tí ọkọ̀ yóò máa gùn kọjá?

Ìdáhùn tí mo fẹ́ fi síwájú yín kò gùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàyé rẹ̀ yóò gbà wá ní àkókò díẹ̀. Pàǹtírí ilé ìdáná lè wúlò nínú títì gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ ti wúlò nínú ọbẹ̀: díẹ̀, ní ìwọ̀n, lẹ́yìn tí a bá ti fi iná tàbí iṣẹ́ mìíràn yí ìwà rẹ̀ padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi iyọ̀ ṣe odindi oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ náà yóò bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú wa ti rí. Ní àdúgbò púpọ̀ ní àwọn ìlú ńlá wa, bí òjò bá gbẹ́ kòtò sí ojú ọ̀nà, àwọn ará àdúgbò a máa kó pàǹtírí dí i, wọn a sì bu iyanrìn lé e lórí. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun gbogbo a dára. Lẹ́yìn náà, ohun tí ó wà lábẹ́ iyanrìn a bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà. Ohun tí ó bá ń jẹrà a máa sún kì, omi a máa jáde lára rẹ̀, àyè a sì máa ṣí sílẹ̀ nínú ilẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Nígbà tí òjò bá tún rọ̀, ilẹ̀ á rì, kòtò tuntun á sì jìn ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn tí ó kọ́lé sórí irà tí a fi pàǹtírí dí mọ ìtàn yìí ju èmi lọ. Ògiri tí ó là láti òkè dé ilẹ̀ ni ó kọ́ wọn.

Bí a bá po èèpo tútù mọ́ sìmẹ́ńtì, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i. Ṣúgà àti àwọn oje mìíràn tí ó wà nínú ohun jíjẹ a máa dí sìmẹ́ńtì lọ́wọ́ kí ó má lè dì. Nítorí náà ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí tútù ṣe máa ń sọ kọnkéré di aláìlágbára, tí àwọn ará Ọsirélíà sì ní láti wá ọgbọ́n mìíràn dá sí i, èyí tí a ó sọ níwájú. Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Títì a máa kọ ọ́.

Kí a tó lè mọ ibi tí pàǹtírí lè wọ̀, ó yẹ kí a mọ bí títì ti rí. Ọ̀dà dúdú tí ojú ń rí, awọ ni ó jẹ́ fún ọ̀nà. Kì í ṣe egungun rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ilẹ̀ àdáyébá wà, èyí tí a ti kì mọ́lẹ̀. Lórí rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ kìíní, lórí èyí náà ni ìpìlẹ̀ kejì, tí ó sábà máa ń jẹ́ ilẹ̀ pupa tàbí òkúta fífọ́, kí a tó wá da ọ̀dà lé gbogbo rẹ̀ lórí. Nígbà tí ọkọ̀ àjàgbé kan bá ru sìmẹ́ńtì láti Ọbajánà tí ó sì forí lé Kánò, ìpìlẹ̀ tí ó wà lábẹ́ awọ dúdú yìí ni ó ń gbé e. Bí ìpìlẹ̀ bá rọ̀, ọ̀dà yóò sán, omi yóò gba ibi tí ó ti sán wọlé, a ó sì máa pe ohun tí ó jẹ́ àìsàn egungun ní àìsàn awọ.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn agbára ìpìlẹ̀. Wọ́n máa ń ti irin kan wọ inú ilẹ̀ tí a ti kì, wọ́n á sì fi agbára tí ó gbà wọ́n wé èyí tí irin kan náà yóò gbà kí ó tó lè wọ inú òkúta fífọ́ tí ó dára. Òkúta náà ni wọ́n pè ní 100. Ìlànà iṣẹ́ ọ̀nà àti afárá tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 1997 béèrè pé kí ìpìlẹ̀ tí ó sún mọ́ ọ̀dà tó 80, kí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì tó 30. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí a ń wà lẹ́bàá ọ̀nà kò tó bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n ṣe máa ń po sìmẹ́ńtì tàbí ẹfun sísun mọ́ ọn. Sìmẹ́ńtì sì wọ́n. Níbí ni eérú ti rí àyè.

Eérú wo? Ẹ rántí pé igi, koríko àti irúgbìn a máa fa ohun kan láti inú ilẹ̀ tí a ń pè ní silica, ohun kan náà tí iyanrìn fi jẹ́ iyanrìn. Èèpo ìrẹsì kún fún un púpọ̀púpọ̀. Bí a bá sun èèpo náà, gbogbo ohun tí ó lè jẹrà lára rẹ̀ á bá èéfín lọ, silica á sì kù nínú eérú. Bí irú eérú bẹ́ẹ̀ bá pàdé ẹfun sísun àti omi, wọn a máa di lẹ̀ẹ̀ tí ó le bí ti sìmẹ́ńtì. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ mọ èyí. Eérú òkè oníná ni tiwọn, èyí tí wọ́n ń wà lẹ́bàá ìlú Pozzuoli ní Ítálì, tí wọ́n sì ń po mọ́ ẹfun. Òrùlé kọnkéré ilé Pantheon ní ìlú Róòmù, tí ó ti lé ní 1,800 ọdún, ṣì dúró títí di òní olónìí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òkè kan ni ó sun tiwọn fún wọn. Àwa yóò fọwọ́ ara wa sun tiwa.

Ní apá àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ní Borno, ní Adamawa àti ní Gombe, ilẹ̀ dúdú kan wà tí àwọn tí ń ṣe ọ̀nà bẹ̀rù. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ náà a máa là débi pé ọwọ́ ènìyàn lè wọ inú rẹ̀; ní òjò, a máa mu omi, a sì máa wú bí gàrí tí a rẹ sínú abọ́. Títì tí a bá ṣe lé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí a máa dìde, a sì máa dùbúlẹ̀ lọ́dọọdún, títí yóò fi fọ́ yánkanyànkan. Àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Àhmádù Béllò ní Zaria ti fi ọ̀pọ̀ ìgbà dán eérú èèpo ẹ̀pà wò nínú irú ilẹ̀ yìí, wọ́n sì ti dán eérú ìrèké tí a ti fún omi rẹ̀ tán wò nínú ilẹ̀ pupa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní àwọn yunifásítì gúúsù náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú eérú èèpo ìrẹsì àti ti èèpo ẹ̀gẹ́. Àbájáde iṣẹ́ wọn kò pariwo, ṣùgbọ́n ó ṣe kókó. Eérú a máa mú kí ilẹ̀ sàn, wíwú rẹ̀ a sì máa dínkù. Ṣùgbọ́n bí ó bá dá nìkan wà, kì í sábà gbé ilẹ̀ dé ibi tí ìlànà béèrè fún ìpìlẹ̀ òkè. Ìgbà tí a bá po ó mọ́ sìmẹ́ńtì tàbí ẹfun díẹ̀ ni agbára rẹ̀ máa ń yọ. Lọ́rọ̀ kan, eérú a máa dín iye àpò sìmẹ́ńtì kù. Kì í lé sìmẹ́ńtì lọ pátápátá. Mo fẹ́ kí olùgbọ́ fi èyí sọ́kàn nígbàkigbà tí ó bá rí àkọlé ńlá nínú ìwé ìròyìn pé a ti fi èèpo ẹ̀pà ṣe ọ̀nà.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Gbogbo eérú kọ́ ni eérú. Ẹni tí ó bá dé ibi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì ní Abakaliki á rí òkìtì èèpo tí ó ga bí òkè. Bí wọ́n bá dáná sun irú òkìtì bẹ́ẹ̀ lásán, inú rẹ̀ á dúdú bí èédú nítorí pé kò jóná tán. Bí iná bá sì pọ̀ jù, tí ó kọjá nǹkan bí 700 dígírì fún ìgbà pípẹ́, silica inú rẹ̀ á le gbagidi bí iyanrìn lásán, kò sì ní fẹ́ bá ẹfun dà pọ̀ mọ́. Iná ìwọ̀nba ni ó ń ṣe é. Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ti èèpo ìrẹsì rí bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí ń ṣọ́ iná bá mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò, nítorí pé níbi ìṣirò ni ọ̀rọ̀ púpọ̀ ti máa ń rọ̀. Ká ní a fẹ́ ṣe ọ̀nà tí ó gùn ní kìlómítà 1, tí ó fẹ̀ ní mítà 7, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ilẹ̀ tí a ó kó síbẹ̀ yóò tó nǹkan bí 2,100 tọ́ọ̀nù. Bí a bá fẹ́ fi eérú ìdá 6 nínú 100 sí i, 126 tọ́ọ̀nù eérú ni a ń wá. Èèpo ìrẹsì tọ́ọ̀nù 1 kì í mú ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 5 tọ́ọ̀nù eérú wá, nítorí náà a ó sun 630 tọ́ọ̀nù èèpo. Láti rí èyí, a ó ti lọ ìrẹsì tí ó ju 3,000 tọ́ọ̀nù lọ. Kìlómítà 1 péré ni mo wí. Abakaliki lè rí i kó jọ. Ìyàwó ilé tí ń fẹ́ ìrẹsì lórí atẹ ní ẹ̀yìnkùlé kò lè rí i kó jọ, bí gbogbo àdúgbò tilẹ̀ bá a kó o.

Ní ti èèpo ẹ̀gẹ́, èmi ní èrò tèmi. Orílẹ̀-èdè wa ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé, nǹkan bí 60 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún, èèpo rẹ̀ sì pọ̀ ní ibi gbogbo tí a ti ń ṣe gàrí. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn lágbàáyé, ILRI, ní Ìbàdàn, ti fi hàn pé a lè lọ̀ ọ́, kí a fún omi rẹ̀, kí a sá a, kí ó sì di oúnjẹ ẹran láàárín ọjọ́ kan. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí ni ìdí tí a ó fi sun ún? Èèpo tí ewúrẹ́ lè jẹ, ẹ jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ ẹ́, kí a wá èyí tí ewúrẹ́ kọ̀ fún títì.

Èyí tí ewúrẹ́ kọ̀ náà sì wà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èèpo èkùrọ́ ni ìyá mi àgbà máa ń fọ́n sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ní àsìkò òjò, kí ẹrẹ̀ má bàa bá wa wọlé. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ìmọ̀ ẹ̀rọ nígbà náà. Èèpo èkùrọ́ yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí a ti ń sọ bọ̀, nítorí pé ó le, kì í sì í tètè jẹrà bí a kò tilẹ̀ sun ún. Àwọn olùwádìí ti fi rọ́pò apá kan òkúta wẹ́wẹ́ nínú àpòpọ̀ ọ̀dà àti nínú kọnkéré. Wọ́n rí i pé ó fúyẹ́, pé kò sì lágbára tó òkúta akọ. Nítorí náà ọ̀nà tí ọkọ̀ wúwo kì í gbà ni ó yẹ ẹ́, àti ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀.

Ó tó àkókò kí a gòkè dé orí awọ dúdú náà. Bí a bá wọn àpòpọ̀ tí a ń dà sí ojú títì, nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 rẹ̀ ni ó jẹ́ òkúta, iyanrìn àti ìyẹ̀fun òkúta. Ọ̀dà fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 5 lọ. Nǹkan bí 150 dígírì ni wọ́n máa ń po wọ́n pọ̀ sí. Ìyẹ̀fun yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dí àwọn ihò kéékèèké tí ó wà láàárín iyanrìn, kí ọ̀dà lè di ohun gbogbo mú. Èèpo ẹyin lè ṣe iṣẹ́ yìí. Nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 rẹ̀ ni ó jẹ́ ohun kan náà tí òkúta ẹfun jẹ́, òkúta ẹfun sì ni wọ́n sábà máa ń lọ̀ fún ìyẹ̀fun náà. Kí a fọ̀ ọ́, kí a sá a, kí a lọ̀ ọ́ kúnná, ó parí.

Àbí kò tíì parí? Ọ̀nà kìlómítà 1 tí a ti ń ṣírò láti ẹ̀ẹ̀kan yóò gba nǹkan bí 800 tọ́ọ̀nù àpòpọ̀ ọ̀dà, bí ọ̀dà náà bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Bí ìyẹ̀fun bá jẹ́ ìdá 5 nínú rẹ̀, ó di 40 tọ́ọ̀nù. Èèpo ẹyin kan kì í ju nǹkan bí gíráàmù 6 lọ. Ẹyin tí ó lé ní mílíọ̀nù 6 àbọ̀ ni a ó jẹ kí a tó lè ṣe kìlómítà kan. Mo fẹ́ràn ẹyin púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí agbára mi mọ.

Ẹ wá fi èyí wé òróró. Títì àtijọ́ a máa gbó nítorí pé oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti gba epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà nínú ọ̀dà, ọ̀dà náà á wá gan, á sì máa sán bí awọ ìlù tí a gbàgbé sí oòrùn. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lónìí, wọn kì í dà á nù mọ́. Wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ há a kúrò, wọ́n á tún un sè, wọ́n á sì po ó mọ́ tuntun. Òróró tí a ti fi dín nǹkan, bí a bá sẹ́ ẹ dáadáa, a máa dá díẹ̀ nínú epo tí ó sọnù padà fún ọ̀dà náà, yóò sì tún rọ̀. Bí a bá fi òróró ìdá 3 nínú 100 ọ̀dà ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀nà wa kò ní gbà ju tọ́ọ̀nù 1 àti díẹ̀ lọ. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, nǹkan bí 52 rẹ̀, ó tán. Àwọn ilé oúnjẹ ńláńlá ìlú kan ṣoṣo lè rí i kó jọ láìpẹ́ ọjọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀, òróró ni mo rò pé ó sún mọ́ wa jù, nítorí pé ohun kékeré ni títì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, òróró náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ọ̀dà á rọ̀ jù, taya ọkọ̀ á sì máa tẹ ojú ipa sí títì nígbà tí oòrùn bá mú. Òróró tí a ti dín àkàrà nínú rẹ̀ títí ó fi dúdú a máa kan, kíkan náà a sì máa mú kí ọ̀dà jábọ́ lára òkúta nígbà tí omi bá dé. Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ tí omi kì í dé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn bí ó ti kan tó, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń dín nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà ni kì í sì í da òróró nù rárá. Wọ́n máa ń bu tuntun lé ti àná ni. Èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ fún àwọn oníṣègùn. Bí ẹnì kan bá wá ń ra ti àná lọ́wọ́ wọn fún títì, bóyá ikùn wa pẹ̀lú yóò sinmi díẹ̀.

Àwọn ará Nẹ́dálándì ti gba ọ̀nà mìíràn. Irú títì kan wà, tí àwọn ará Jámánì dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970, tí òkúta rẹ̀ tóbi tí ọ̀dà rẹ̀ sì pọ̀. Ọ̀dà rẹ̀ a máa fẹ́ ṣàn kúrò lára òkúta kí a tó tẹ́ ẹ, nítorí náà wọ́n máa ń fi okùn tín-ín-rín bí ti òwú sínú rẹ̀ láti dì í mú. Ní ọdún 2016, ní agbègbè Friesland, wọ́n yọ irú okùn bẹ́ẹ̀ láti inú bébà ìnùdí tí ó bá omi ìdọ̀tí ilé lọ, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n pa kòkòrò inú rẹ̀, wọ́n sì fi ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí ó gùn tó kìlómítà 1 láàárín ìlú Leeuwarden àti Stiens. Ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá níbẹ̀ kò lè mọ ìyàtọ̀.

Bí ti kọfí Gisborne ṣe rí nìyí. Àwọn olùwádìí Yunifásítì RMIT ní Melbourne kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà sínú ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, wọ́n sì yan án ní 350 dígírì. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn tí ń sun èédú nínú igbó, bí wọ́n ti ń fi ewé àti erùpẹ̀ bo igi tí iná ti ràn, mọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ di èédú; ohun tí ń jẹrà àti ohun tí ń dí sìmẹ́ńtì lọ́wọ́ ti lọ. Wọ́n fi èédú náà rọ́pò ìdá 15 nínú 100 iyanrìn kọnkéré. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2023, agbára kọnkéré náà fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú àwọn ìròyìn wọ̀nyí. Ní Gisborne, ẹlẹ́sẹ̀ ni ó ń rìn níbẹ̀. Ní Leeuwarden, kẹ̀kẹ́ ni. Ní Des Moines, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti fi epo tí a yan jáde láti ara ohun ọ̀gbìn po ọ̀dà ní ọdún 2010, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ náà ni. Àwọn tí ó ní owó àti ẹ̀rọ jù wá lọ kò kó ohun tuntun sí abẹ́ ọkọ̀ àjàgbé ní ọjọ́ kìíní. Wọ́n fi síbi tí, bí ó bá bàjẹ́, kò ní pa ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó sì ṣòro jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí kò sí ní ilé àyẹ̀wò rárá. Inú garawa pàǹtírí wa ni ó wà. Nínú garawa kan náà ni a ti ń kó èèpo ẹyin, ọ̀rá, bátìrì iná àtẹ̀lẹwọ́ tí ó ti kú, àti ìgò oògùn. Bí a bá sun irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀, májèlé tí ó wà nínú bátìrì yóò bá eérú dé inú ọ̀nà, òjò yóò sì lè gbé e láti ibẹ̀ lọ sínú kànga. Kò sí onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó lè yọ ọ́ padà. Bí a kò bá ya èèpo sọ́tọ̀ ní ilé ìdáná, tàbí kí a gbà á lọ́wọ́ àwọn tí tiwọn kò dàpọ̀ rí, bí àwọn tí ń pa ẹ̀pà, àwọn tí ń yan àkàrà òyìnbó tí wọ́n ń fọ́ ẹyin kiriéètì lórí kiriéètì, àti àwọn ilé oúnjẹ, ọ̀rọ̀ náà kò ní kúrò lórí ìwé. Owó ọkọ̀ tí yóò kó o pẹ̀lú gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò. Mo ti ka ìwé ìwádìí tí ó pè eérú ní ohun ọ̀fẹ́, bí ẹni pé eérú lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́.

Láti ọdún 1978 ni a ti ní ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ fún ìmọ̀ ilé kíkọ́ àti ọ̀nà ṣíṣe, NBRRI. Iṣẹ́ àwọn yunifásítì wa lórí eérú pọ̀ nínú ìwé ju bí ó ti pọ̀ lójú ọ̀nà lọ. Ohun tí ó kù ni kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ibi kéékèèké: ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nínú ọjà kan, àyíká ilé ìwé kan, ọ̀nà oko kan ní Gombe lórí ilẹ̀ dúdú náà. Kí a ṣe ìdajì rẹ̀ bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kí a ṣe ìdajì kejì pẹ̀lú eérú, kí òjò ọdún méjì ó kéré tán rọ̀ sórí méjèèjì, kí a sì kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀, ìbáà dára ìbáà burú.

Ní báyìí ná, ó lè ṣẹlẹ̀ pé agbaṣẹ́ṣe kan yóò wá bá ìjọba ìbílẹ̀ yín pé òun ní ọgbọ́n tuntun, pé pàǹtírí ni òun yóò fi ṣe ọ̀nà yín ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ má ṣe lé e. Ẹ bi í léèrè irú pàǹtírí tí ó jẹ́, ẹni tí ó yà á sọ́tọ̀, iná tí ó fi sun ún àti bí iná náà ti gbóná tó, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè ibi tí èyí tí ó ti ṣe ṣáájú wà. Bí ó bá dárúkọ ibẹ̀, ẹ dúró kí òjò rọ̀ dáadáa, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ lọ wò ó.